Ẹyẹ Kirtland ní Grayling àti Mio: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí ìgbà ìrúwé tó dé

ọmọ_tíṣà, Columbus

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù Kẹrin, wọ́n á wà lọ́dọ̀ wa títí oṣù Kẹfà á fi parí. Tíṣà Bàọ́lọ́jì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, inú igbó IITA ni wọ́n sì ti máa ń wo ẹyẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó bá ti fàárọ̀ kùtù dúró nínú igbó yẹn torí ẹyẹ Ibadan Malimbe á mọ irú èèyàn tí mò ń sọ. Wọ́n ti wá kà nípa Kirtland's Warbler, ẹyẹ Kirtland tí mo dárúkọ lókè, báyìí. Wọ́n ní bí àwọn bá máa dé Amẹ́ríkà tí àwọn ò ní fojú kan ẹyẹ náà, kí n má wulẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo gbọ́ pé ilẹ̀ gbalasa oníyanrìn tó wà lápá àríwá Michigan, láàárín Grayling sí Mio, ni wọ́n ti ń rí i. Èmi ò mọ àwòko yàtọ̀ sí ológoṣẹ́; ọkọ̀ wíwà ni iṣẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà wo ni ká lọ? Ṣé ká dá lọ ni àbí ká tẹ̀lé afinimọ̀nà? Bàbá ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè rìn jìnnà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

ọdẹ_aláìníbọn, Lansing

Ẹ bá wa kí Bàbá. Ẹyẹ yìí kì í da orúnkún láàmú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lẹ máa dúró sí, òun ni yóò gun orí igi wá kọrin, bí ẹ bá ṣáà ti bá àkókò rẹ̀ mu.

Bahamas ló ti ń lo ìgbà òtútù. Àwọn akọ máa ń dé Michigan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta oṣù Karùn-ún, abo á tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Tó bá fi máa tó nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù náà, àwọn akọ ti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, orin ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ààlà. Láti ìgbà yẹn títí dé àárín oṣù Kẹfà ni kí ẹ fojú sí. Oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà lásìkò náà. Ẹ ti wà níbẹ̀ kó tó yọ. Bí ọjọ́ bá ti ga tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gbalasa, etí ò ní gbọ́ran dáadáa mọ́, ẹyẹ náà á sì rọra wọ inú ẹ̀ka lọ.

Ní ti afinimọ̀nà, ẹ tẹ̀lé e. Michigan Audubon, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ, ti mú èèyàn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Hartwick Pines State Park, tí kò jìnnà sí Grayling lápá àríwá. Ètò wọn lè yí padà lọ́dún dé ọdún, nítorí náà láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti máa wo ohun tí wọ́n bá gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní Recreation Passport. Ẹni tí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Michigan á san tirẹ̀ lẹ́nu géètì. Àwọn afinimọ̀nà mọ ibi tí ẹyẹ wà lọ́dún yẹn gan-an, ìyẹn sì ju ohun tí máàpù lè sọ lọ. Bí ẹ bá tẹ̀lé júwejúwe ẹni tó débẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, igi tó júwe lè ti ga kọjá ohun tí ẹyẹ náà fẹ́.

ẹ̀gà_ìlú_afẹ́fẹ́, Chicago

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí àkókò, àmọ́ n ò gbà pé dandan ni afinimọ̀nà. Ọ̀nà M-72 tó so Grayling mọ́ Mio kò ju bíi máìlì 30 lọ, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ sì kún fún ọ̀nà yanrìn tó wọ inú igi páìnì tí wọ́n ń pè ní jack pine. Ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ sọ wíńdò kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún tẹ̀ síwájú. Ẹni tó mọ orin rẹ̀ á gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn èèyàn tó ń tẹ̀lé afinimọ̀nà máa ń pọ̀ jù fún èmi o, gbogbo ẹnu á máa wúyẹ́wúyẹ́.

Bí ẹyẹ bá ń ṣagídí, ẹ ṣí fóònù, ẹ fi orin rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì péré. Á fò jáde wá wo ẹni tó wọlé òun.

ọdẹ_aláìníbọn, Lansing

Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a ti máa jà nìyẹn. Ẹ má fi orin dún fún ẹyẹ yìí. Á jáde lóòótọ́, torí ó rò pé akọ mìíràn ti wá gba ilẹ̀ òun ni. Á pa oúnjẹ tì, á pa abo tó wà lórí ẹyin tì, á máa wá ọ̀tá tí kò sí. Ẹ̀yin á ti padà sí Chicago nígbà yẹn, ẹlòmíràn á sì tún dé lẹ́yìn yín pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n yọ ẹyẹ Kirtland kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu àkúrun lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n òfin ẹyẹ aṣíkiri ti 1918 ṣì ń dáàbò bò ó.

Kò sì sẹ́ni tó nílò ẹ̀tàn yẹn lóṣù Karùn-ún. Ó ń kọrin fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Áàpù Merlin dára láti fi *gbọ́* ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹyẹ: ẹ jẹ́ kó tẹ́tí, kó sọ orúkọ ohun tó ń ké fún yín. Kẹ́ ẹ má fi dá ẹyẹ lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ inú igi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, lábẹ́ ẹ̀ka tó sùn mọ́lẹ̀, inú koríko. Ẹsẹ̀ kan péré tí ẹ bá gbé sí ibi tí ẹ ò wò lè tẹ gbogbo ilé náà fọ́. Àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ti kọ àkọlé síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé lásìkò ìyé ẹyin. Ẹ kà á, ẹ tẹ̀lé e.

ẹ̀gà_ìlú_afẹ́fẹ́, Chicago

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti fóònù. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn ni mi ò kó kúrò nílẹ̀ o.

akẹ́kọ̀ọ́_igbó, Houghton

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ohun tó máa dùn mọ́ tíṣà Bàọ́lọ́jì jù lọ kọ́ ni ẹyẹ náà, ibi tó ń gbé ni.

Ilẹ̀ tí ẹ máa rí yẹn lè jọ ilẹ̀ tí nǹkan kan ti pa. Yanrìn ni, kì í gba omi dúró, igi ibẹ̀ kúkurú, àlàfo koríko àti blueberry wà láàárín wọn, igi gbígbẹ tó ti jóná tẹ́lẹ̀ dúró síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó ń wá igbó kìjikìji á ní wọ́n tan òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ igi páìnì kéékèèké yẹn gan-an ni ẹyẹ Kirtland ń wá: jack pine tó ti tó bí ọmọ ọdún 5 tí kò tíì ju bí 20 lọ, tí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì kan ilẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ka yẹn ni ìtẹ́ ń sá pamọ́ sí, yanrìn sì ń fa omi òjò kó má bàa rì í. Bí igi bá ti ga, òjìji á pa ẹ̀ka ìsàlẹ̀, abẹ́ igi á ṣófo, ẹyẹ á kó lọ.

Kí ló ń mú igi kéékèèké wá? Iná. Èso jack pine dì pa pẹ̀lú oje, ó lè wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlà. Ooru iná ìgbẹ́ ló ń yọ́ oje yẹn tí irúgbìn fi ń dà sórí eérú. Láyé àtijọ́, iná ń jó apá kan lónìí, apá kan lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà kì í sí ìgbà tí igi ọ̀dọ́ tán. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo iná, èyí tó dáa fún ilé àti dúkìá, àmọ́ igi dàgbà lé ẹyẹ lórí. Lọ́dún 1951 tí wọ́n kọ́kọ́ kà wọ́n dáadáa, akọ 432 ni wọ́n gbọ́ tó ń kọrin. Ní 1971, 201 ló kù. Ní 1974, 167.

Ìtàn 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni kí ẹ sọ fún Bàbá tí ẹ bá dé Mio. Iléeṣẹ́ ìgbó ìjọba àpapọ̀ dáná sí ilẹ̀ kan fúnra wọn nítòsí Mack Lake, kí igi tuntun lè hù fún ẹyẹ yìí gan-an. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà kọjá títì. Ó jó nǹkan bí éékà 24,000, ó jó ilé àti àgọ́ èèyàn, òṣìṣẹ́ panápaná kan sì kú níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré. Ṣùgbọ́n igi hù lórí eérú yẹn. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 sí 1989 fi ń parí lọ, àwọn igi náà ti tó gíga tó yẹ, ẹyẹ Kirtland sì rọ́ wọ ibẹ̀, iye wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2021, ó ti tó tọkọtaya 2,245.

Iná ńlá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣe ètò, nítorí náà gígé àti gbígbìn ni wọ́n ń ṣe jù báyìí. Wọ́n á gé igi àgbà lórí ilẹ̀ gbàgàdà, wọ́n á tà á, wọ́n á gbin ọ̀tun, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín bí iná ì bá ti ṣe é. Bí ẹ bá wá rí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé borokoto, kí ẹ má bínú. Ibi tí ọmọ yín á ti wo ẹyẹ lọ́jọ́ iwájú nìyẹn.

ìyá_Tọ́míwá, Grand Rapids

Ẹ kú àlàyé. Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí n sùn lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí, kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n ní torí àtigbà á là ni wọ́n ṣe ń pa ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní cowbird. Ṣé èyí kì í ṣe ẹyẹ ni? Ta ló fi wá ṣe adájọ́?

ọdẹ_aláìníbọn, Lansing

Ìbéèrè tó yẹ ni, ìyá Tọ́míwá. Cowbird kì í kọ́lé. Inú ìtẹ́ ẹlòmíràn ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á tètè pa, á tóbi ju ọmọ onílé lọ, á gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Láyé àtijọ́ pápá koríko àárín Amẹ́ríkà ló wà, ẹ̀yìn ẹfọ̀n ló ń tọ̀. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ gé igbó Michigan ló rí ọ̀nà wọlé. Ẹyẹ Kirtland kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní ọgbọ́n tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Láàárín 1966 sí 1971, nínú ìtẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá yẹ̀ wò, bíi méje ni ẹyin cowbird wà nínú rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgò ńlá mú wọn, wàhálà náà sì rọlẹ̀ kíákíá.

Èmi ò ní sọ pé ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ àwa èèyàn la ṣílẹ̀kùn fún cowbird, ojú wa la sì fi ń wo onílé tó ń kú lọ. Láti bíi 2018 wọ́n ti dáwọ́ àgò náà dúró láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, cowbird ò sì padà wá pọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ti bẹ̀rù.

ìyá_Tọ́míwá, Grand Rapids

Mo gbọ́. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

akẹ́kọ̀ọ́_igbó, Houghton

Kí n fi èyí kún un: àgò nìkan ò tó. Láti 1972 tí wọ́n ti ń mú cowbird, iye ẹyẹ Kirtland kò dín kù púpọ̀ mọ́, kò sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ní 1987 akọ 167 ni wọ́n tún kà. Ibùgbé ni kò sí. Ìgbà tí igi Mack Lake dàgbà tó ni nǹkan tó yí padà.

àwòko_òwúrọ̀, Ann Arbor

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bí ẹyẹ náà ṣe rí! Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tó fẹ́ dà bí búlúù, pẹ̀lú ìlà dúdú. Àyà àti ikùn rẹ̀ yẹ́lò, tótó dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Òrùka funfun yí ojú rẹ̀ ká ṣùgbọ́n kò pàdé. Kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 14 lọ, síbẹ̀ láàárín àwọn ìbátan rẹ̀, ẹni ńlá ni. Ohun tí ẹ máa fi dá a mọ̀ láti òkèèrè ni ìrù: kì í sinmi, ó ń jù ú sókè sódò ní gbogbo ìgbà.

Prairie Warbler náà lè wà nínú igi kan náà, ó yẹ́lò, ó ń mi ìrù pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ orin: ti Prairie ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ti Kirtland rinlẹ̀, ó dún kíkankíkan, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó ga: ṣí-ṣí-ṣí-tú-tú-wíìtì-wíìtì, báyìí ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Nashville Warbler wọ́pọ̀ níbẹ̀, àyà rẹ̀ yẹ́lò, kò ní tótó kankan.

Ẹ má jẹ́ kí Kirtland gba gbogbo ojú Bàbá o. Ilẹ̀ gbalasa yẹn ní ohun tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Upland Sandpiper máa ń dúró lórí òpó ọgbà, ọrùn gígùn, ojú ńlá, tó bá fò ó ń súfèé tó máa mú yín dákẹ́. Brown Thrasher ń kọ gbogbo gbólóhùn orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì-lẹ́ẹ̀méjì. Vesper Sparrow àti Clay-colored Sparrow wà nínú koríko. Níbi tí igi ti jóná, ẹ wá Black-backed Woodpecker, àkókó tó fẹ́ràn igi jíjó. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ dúró: Common Nighthawk á máa já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, ìyẹ́ rẹ̀ á dún wùù, Whip-poor-will á sì máa pe orúkọ ara rẹ̀ láìmí. Ìdílé àwọn méjèèjì wà ní Nàìjíríà, Bàbá á ti mọ àwọn ìbátan wọn. Èmi a máa ka alẹ́ ibẹ̀ sí ju òwúrọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ má sọ fún àwọn Audubon.

nọ́ọ̀sì_Flint

Ẹ ti gbé orin lékè, ẹ gbàgbé eégbọn. Eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú wà ní Michigan, ó lè kó àrùn Lyme ran èèyàn, oṣù Karùn-ún sí Kẹfà sì ni àwọn kéékèèké rẹ̀ ń rìn, èyí tí kò tóbi ju irúgbìn ewédú lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi permethrin, oògùn apakòkòrò, sára aṣọ nílé, kì í ṣe sára. DEET tàbí picaridin, oògùn alékòkòrò, ni fún ara. Tí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ yẹ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ìgbànú àti ẹ̀yìn etí wò, kí ọmọ sì bá Bàbá wo ibi tí ọwọ́ wọn ò dé, kí wọ́n má wí pé àwọn ti wẹ̀. Aṣọ tí ẹ wọ̀, ẹ kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ.

Bí ẹ bá bá a lára, ẹ fi ẹ̀mú kékeré (tweezers) di í mú lẹ́bàá awọ ara, ẹ fà á tààrà. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi epo pa á. Lẹ́yìn náà, bí ibà bá mú Bàbá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí pupa kan ń gbòòrò lára wọn, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ sì *sọ* pé inú igbó Michigan lẹ ti dé. Mo tẹnu mọ́ ọn torí àwọn àgbà wa máa ń rò pé ibà ni ibà, wọ́n á lo oògùn ibà tí wọ́n gbé wá láti ilé, wọ́n á ní ara ti yá.

Black fly náà wà lóṣù Karùn-ún, ìbátan amúkúrù tí Bàbá mọ̀. Ti ibí kì í fọ́ni lójú o, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ á jáde lẹ́yìn etí yín. Fìlà onínẹ́ẹ̀tì kò wọ́n.

Òtútù ńkọ́? Òwúrọ̀ lè tutù débi tí omi á fi dì lórí koríko, kó sì di ọ̀sán kí oòrùn máa pa yín. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele-ìpele. Àga tó ṣeé ká ni kí ẹ gbé fún Bàbá, kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

bàbá_ìbejì, Southfield

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí gbogbo yín ń yẹra fún. Èèyàn dúdú méjì, ọkọ̀ tó dúró ní ọ̀nà yanrìn nínú igbó, bàìnókúlà lójú, aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ rántí Christian Cooper ní Central Park ní New York lọ́dún 2020: ẹyẹ ló ń wò, ó ní kí obìnrin kan fi okùn sọ́rùn ajá rẹ̀, obìnrin náà pe ọlọ́pàá sí i. Ìyẹn ló bí Black Birders Week, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà yín. Àwọn ará Grayling àti Mio ti mọ àwọn tó ń wo ẹyẹ, àlejò láti gbogbo ayé ń wá síbẹ̀ torí ẹyẹ kan ṣoṣo yìí. Wọ́n á kí yín, wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n ìdí tí èmi fi fara mọ́ afinimọ̀nà nìyẹn, pàápàá fún ìgbà àkọ́kọ́ àti pẹ̀lú àgbàlagbà. Bí ẹ bá dá lọ, ẹ páàkì síbi tí èèyàn ti lè rí yín, ẹ gbé ìwé ẹyẹ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí bàìnókúlà wà lọ́rùn, kì í ṣe lọ́wọ́ nìkan. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ má wọ ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ onílẹ̀ sí.

Ohun kejì tó máa já yín láyà: ìbọn ńlá. Camp Grayling wà níbẹ̀, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ National Guard, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀, tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Gbòlà lẹ máa gbọ́ láàárọ̀, ilẹ̀ á mì díẹ̀, ẹyẹ náà ò ní dá orin dúró. Ẹ sọ fún Bàbá ṣáájú, kí wọ́n má bàa sùn bẹẹrẹ sílẹ̀ bí ọjọ́ ogun. Àwọn apá kan ilẹ̀ ibùdó náà kò sí fún aráàlú.

ọmọ_tíṣà, Columbus

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi. Bàbá ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Wọ́n ní kí n bi yín nípa Magee Marsh ní Ohio, pé ọ̀nà kan náà ni. Kí ni ká sì jẹ?

àwòko_òwúrọ̀, Ann Arbor

Bàbá mọ̀ ọ́n! Magee Marsh wà létí Lake Erie, kò jìnnà sí Toledo. Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti ń sinmi kí wọ́n tó fò sọdá adágún náà, wọ́n sì máa ń sùn mọ́ èèyàn débi pé bàìnókúlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò. Afárá pátákó títẹ́jú ni wọ́n ń gbà, ó dára fún orúnkún. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún ni ìwọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà ni àjọ̀dún ńlá tó ń jẹ́ Biggest Week in American Birding, èrò á wá pọ̀ bí ọjọ́ ọdún ìlú. Ẹ lọ ní bíi ọjọ́ 18 sí 20 oṣù náà, ẹ sùn sí Toledo, ẹ ya Magee Marsh láàárọ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ lọ sí Grayling ní ọ̀sán. Ẹ̀ ń pàdánù díẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹ máa rí méjèèjì.

Láti Toledo, ẹ gba US-23 lọ sí Ann Arbor títí dé Flint, ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ sí I-75. Ẹ ò ní fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Detroit. Bí ẹ bá sì kọjá Ann Arbor láì pè mí, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

ìyá_Tọ́míwá, Grand Rapids

Ní ti oúnjẹ: ẹ gbé kúlà. Oúnjẹ wà ní Grayling o, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣí ilé oúnjẹ fún yín ní aago márùn-ún àárọ̀? Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, tíì gbígbóná nínú fíláàsì. Ẹ má gbé ohun tó ń dún pàràpàrà lẹ́nu, àwọn tó ń gbọ́ orin á bínú sí yín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí láàárín igi, ti Hartwick Pines ni kí ẹ lò kí ẹ tó gbéra. Kẹ́ ẹ sì mú Bàbá wo àwọn igi páìnì àgbà inú ọgbà náà, wọ́n jẹ́ nǹkan bí éékà 49 tí àwọn agégigẹdú kò gé. Lẹ́yìn jack pine kúkurú yẹn, ọrùn á dun yín.

akẹ́kọ̀ọ́_igbó, Houghton

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀: yanrìn ibẹ̀ rọ̀. Ọkọ̀ kékeré máa ń rì ní àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ táyà méjì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì lè má sí láti pe ẹni tó máa fà yín jáde. Ẹ dúró lórí ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa, ẹ da máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Grayling, kí epo kún táńkì. Ìgbà ìrúwé kí ewé tó hù tán ni igbó ń gbẹ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ má páàkì sórí koríko gbígbẹ, abẹ́ ọkọ̀ gbóná ju bí ẹ ti rò lọ.

ẹ̀gà_ìlú_afẹ́fẹ́, Chicago

Bí Bàbá bá fẹ́ ìtàn tó kúrú nínú ọkọ̀: 1851 ni wọ́n mú ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ fi dá irú rẹ̀ mọ̀, ní Ohio tiyín gan-an, lórí oko Dókítà Jared Kirtland nítòsí Cleveland. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń yé sí fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ní 1903 ni àwọn méjì kan lọ pẹja ní odò Au Sable, wọ́n gbọ́ orin tí wọn ò mọ̀, wọ́n gbé ẹyẹ kan lọ fún Norman Wood, òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù yunifásítì ní Ann Arbor. Ọkùnrin náà gbéra, ó wakọ̀ ojú omi, ó sì rí ìtẹ́ ní Oscoda County, ibi tí Mio wà.

ṣadé_Atlanta

Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́ dé. Oṣù Keje nìkan ni wọ́n fún mi ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Ṣé mo lè lọ?

ọdẹ_aláìníbọn, Lansing

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Keje, ẹ lè gbọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dákẹ́. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ni wọ́n ń bọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí kò kọrin nínú igi tó ṣù pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè dúró títí di alẹ́ kí ẹ má rí i. Ìrìn-àjò àwọn afinimọ̀nà náà á ti parí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyẹ Kirtland, ẹ tọrọ ìsinmi oṣù Kẹfà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ blueberry, ìparí oṣù Keje dára, ẹ gbé abọ́ dání.